Baduanjin: bí a ṣe ń ṣe eré ìdárayá alábala mẹ́jọ ti àwọn ará Ṣáínà

Ní ìdájí, ní ọgbà Tiantan ní Beijing, ẹ óò bá àwọn bàbá àti ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí wọ́n ń fa ọrun tí kò sí lọ́wọ́ wọn, tí kò sì sí ẹni tó ń mí hẹlẹ. Baduanjin wà lára ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe níbẹ̀. Ba ni mẹ́jọ, duan ni abala, jin sì ni aṣọ sẹ́dà oníṣẹ́ ọnà. Ọ̀kan ni nínú àṣà tí wọ́n ń pè ní yangsheng: yang ni títọ́, bí a ṣe ń tọ́ ọmọ, sheng ni ẹ̀mí. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, àyè tí èèyàn lè na ọwọ́ méjèèjì sí ti tó o, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 lọ.

Ó ti pẹ́ láyé. Ìwé kan tí wọ́n kọ ní ọ̀rúndún kejìlá sọ nípa òṣìṣẹ́ ààfin kan tó máa ń dìde jókòó lọ́gànjọ́ òru láti ṣe é, lọ́dún 1117. Àwọn kan ní ọ̀gágun Yue Fei ló dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, àmọ́ ọdún 1103 ni wọ́n bí Yue Fei, ọmọ ọdún 14 péré ni nígbà náà. Èyí tí a ó ṣàlàyé níbí ni ti ìdúró, bí àjọ ìjọba tó ń bójú tó eré ìdárayá ní Ṣáínà ṣe tò ó ní 2003. A mú un nítorí pé iye ìgbà àti ìtẹ̀léra rẹ̀ ti dúró sójú kan; ti àwọn olùkọ́ mìíràn máa ń yàtọ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ ti lo wákàtí kan nínú yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é pẹ̀lú ebi. Bàtà pẹlẹbẹ, aṣọ tí kò fún ìbàdí. Ẹ pa fáànù: nínú ìmọ̀ ìṣègùn wọn, atẹ́gùn tó bá fẹ́ sára tó ń làágùn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń gbé àìsàn wọlé.

Ẹ la ẹsẹ̀ tó ìbú èjìká, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú síwájú. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fìdí lé àpótí gíga kan. Ẹ gbé ọwọ́ síwájú ikùn bí ẹni tó gbá igbá ńlá mọ́ra. Ẹ mí gba ti imú, kí ikùn wú, kì í ṣe àyà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Ti èémí yìí ló ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ láàmú. Òfin rẹ̀ ni pé bí ọwọ́ bá ń lọ sókè tàbí tó ń ṣí, ẹ fa èémí sínú. Bó bá ń bọ̀ wálẹ̀ tàbí tó ń padé, ẹ mí síta. Àmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ pa òfin náà tì, ẹ kàn máa mí bó ṣe wá. Ẹni tó bá ń há èémí mọ́ra kí ó lè bá ọwọ́ mu, òòyì ló máa kọ́ ọ.

Nípa ipá: bí agbára yín bá jẹ́ mẹ́wàá, méje ni kí ẹ lò. Ẹ na ara títí yóò fi fà, kì í ṣe títí yóò fi dùn yín. Àwọn ọ̀dọ́ ni kì í gba èyí gbọ́.

Abala mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ

Ìkíní, gbígbé ọ̀run ró. Ẹ ki ìka ọwọ́ méjèèjì bọ ara wọn níwájú ikùn, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Ẹ gbé e dé àyà, ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ padà síta, kí ẹ tì í lọ sókè orí, kí ojú tẹ̀ lé e. Bí apá bá ti nà tán, ẹ dá àgbọ̀n padà, kí ojú wo iwájú, kí ẹ sì tún fi díẹ̀ tì í sí i fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Lẹ́yìn náà ẹ tú ìka, kí apá wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Bí èjìká yín bá ti ń kan etí, ẹ ti gbé e jù.

Ìkejì, títa idì lọ́fà. Èyí ló dùn jù, òun náà sì ni wọ́n máa ń bà jẹ́ jù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì sápá òsì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ̀ ju èjìká lọ, kí ọrùn ọwọ́ méjèèjì kọjá ara wọn níwájú àyà. Lẹ́yìn náà ẹ lóṣòó díẹ̀ bí ẹni tó wà lórí ẹṣin. Ọwọ́ òsì ló di ọrun mú: ẹ na àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, kí àárín wọn ṣí, kí ẹ ká ìka mẹ́ta yòókù kò. Ọwọ́ ọ̀tún ló fa ọsán: ẹ ká gbogbo ìka rẹ̀ bí ìwọ̀, kí ẹ fà á wá sí iwájú èjìká ọ̀tún. Bí ọ̀tún ti ń fà ni òsì ń tì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ tó tẹ̀ sẹ́yìn, ojú sì ń wo ibi tí ọfà ń lọ. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ máa ya ara wọn. Bí ọ̀kan bá ti dẹ̀, ọsán já, ọrun dọ̀pá, ẹ̀yìn yín kò ní mọ nǹkan kan lára. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ fi ya ìlàjì òbìrípo kan, kí ẹ kó ẹsẹ̀ jọ, kí ẹ ṣe apá kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lápá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣọ́ orúnkún níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣubú sínú. Àwọn tó ń ráhùn pé Baduanjin fún àwọn ní ìrora orúnkún, ibí ni wọ́n ti sábà máa ń rí i. Bí itan bá ń gbọ̀n, ẹ dìde díẹ̀ sí i.

Ìkẹta, gbígbé ọwọ́ kan sókè. Àtẹ́lẹwọ́ òsì ń ti òkè orí, ìka rẹ̀ kọjú sápá ọ̀tún. Ti ọ̀tún ń tẹ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, ìka rẹ̀ kọjú síwájú. Wọ́n ní ó ń ran ikùn àti ọlọ-inú lọ́wọ́ láti da oúnjẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lápá kọ̀ọ̀kan.

Ìkẹrin, bíbojú wẹ̀yìn. Ẹ na apá sísàlẹ̀, kí ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ síta títí àyà yóò fi là, kí ẹ sì yí orí sápá òsì láti wo ẹ̀yìn. Orí nìkan ló ń yí o. Bí ìbàdí bá bá a lọ, ọrùn kò rí nǹkan kan gbà. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ mọ́ àárẹ̀ márùn-ún tí ìwé ìṣègùn àtijọ́ wọn kà sílẹ̀: ìwòpẹ́ ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ìdùbúlẹ̀ pẹ́ ń ba èémí jẹ́, ìjókòópẹ́ ń ba ẹran ara jẹ́, ìdúrópẹ́ ń ba egungun jẹ́, ìrìn àrìnpẹ́ ń ba iṣan jẹ́. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù látàárọ̀ dalẹ́ ti mọ èyí tó kàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta lápá kọ̀ọ̀kan.

Ìkarùn-ún, mímì orí, jíju ìrù. Ẹ lóṣòó bíi ti ìkejì, kí ọwọ́ wà lórí itan. Ẹ tẹ̀ sápá ọ̀tún, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí orí yí gba iwájú lọ sápá òsì, kí ìdí máa lọ sí òdìkejì, kí ẹ sì dìde. Wọ́n ní ó ń pa iná ọkàn, ìyẹn ara tí kò balẹ̀ àti oorun tí kò wá. Ẹ má kánjú. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tí òòyì máa ń kọ́ kó má ṣe jẹ́ kí orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju àyà lọ. Yíyí kékeré ti tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lápá kọ̀ọ̀kan.

Ìkẹfà, ọwọ́ méjèèjì dé ẹsẹ̀. Ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí àyà, kí ẹ gbà á lábẹ́ abíyá lọ sẹ́yìn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sísàlẹ̀, kọjá ìdí, gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀, títí dé òkè àtẹ́lẹsẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó nà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dìde, ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ lọ síwájú, kó fa ẹ̀yìn dìde. Bí orí bá ṣáájú, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló máa ru gbogbo ẹrù náà. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kó dá ọwọ́ dúró ní orúnkún. Ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Ìkeje, ẹ̀ṣẹ́ pẹ̀lú ojú líle. Ẹ lóṣòó, ẹ ká àtàǹpàkò sínú ẹ̀ṣẹ́ kó kan ìdí ìka tí a ń wọ òrùka sí. Ẹ na ẹ̀ṣẹ́ òsì síwájú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ojú ríranjú, ẹ ṣí ọwọ́, ẹ yí ọrùn ọwọ́ bí ẹni ń ká okùn, ẹ gbá a mú, ẹ fà á padà sí ìbàdí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ranjú dáadáa. Èèyàn máa ń tijú èyí.

Ìkẹjọ, gígbé gìgísẹ̀. Ẹ kó ẹsẹ̀ jọ, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ dé ìdajì, kí ẹ wá jẹ́ kó balẹ̀ kìì kí ara mì. Eyín ń kan eyín fẹ́rẹ́, kí ẹ má baà gé ahọ́n. Ẹ̀ẹ̀meje. Àgbàlagbà tí egungun rẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́ kó sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ kó dún.

Ẹ gbé ọwọ́ lé ara wọn lábẹ́ ìdodo, kí ẹ mí wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń mu lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe omi yìnyín, ìwẹ̀ sì lè dúró di ìdajì wákàtí.

Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìkíní àti ìkejì nìkan. Ẹ máa fi méjì kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á pé. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ dára ju wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé lọ. Àwọn olùwádìí tó ti yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé ó ń ran ìdúróṣinṣin àwọn àgbàlagbà àti oorun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ. Ẹ má tìtorí rẹ̀ já oògùn sílẹ̀. Aláboyún àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún kọ́kọ́ bi dókítà. Bí àyà bá ń dùn yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e lè ṣe ìkíní, ìkẹta, ìkẹrin àti ìkeje lórí àga. Òṣìṣẹ́ ààfin ọdún 1117 yẹn náà, ìjókòó ló ti ṣe tirẹ̀. Kí àga náà má ní apá, kí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀ pátápátá, kí ẹ̀yìn má sì fara ti nǹkan kan.