Bí Mo Ṣe Kọ Orin fún Eré Orí Ìtàgé, tí "Ọkọ" Fẹ́ẹ́ Di "Ọkọ̀" Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Orin tí ìyàwó apẹja máa kọ bó ṣe ń retí ọkọ rẹ̀ létí ọ̀sà, àti ìlù ijó àwọn apẹja: ohun tí olùdarí eré ní kí n bá wọn ṣe nìyẹn. Èbúté Mẹ́tà la ti ń dánra wò, Freedom Park ní Broad Street la ti máa ṣeré gan-an, ọgbà ẹ̀wọ̀n ayé òyìnbó ọjọ́sí. Glover Hall tí Hubert Ògúndé ti gbé eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1944 ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síbẹ̀. Ká sòótọ́, ẹ̀rù bà mí.

Mi ò kọ nǹkan kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo kàn ń jókòó wò wọ́n ni, mo ń fi fóònù ka àkókò. Láti orí àpótí tí ìyàwó ti dìde títí dé etí omi, ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Orin ò gbọdọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá jókòó ti kíbọ́ọ̀dù. Ohùn dídùn kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo bá to ọ̀rọ̀ lé e: "Ọkọ mi ti dé." Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í ṣe. Bí arábìnrin náà ṣe kọ ọ́ báyìí, ọ̀kan nínú àwọn apẹja lọgun lẹ́yìn: "Oṣòdì! Oṣòdì! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Mo ti sọ ọkọ rẹ̀ di dánfó.

Bàbá onígángan ò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, fẹnu sọ ọ́ ná." Mo sọ ọ́. Wọ́n fún ọsán, ìyẹn okùn awọ ara ìlù, mọ́ abíyá, ìlù náà sọ ọ́ tẹ̀lé mi: re re re re mí. Èmi ti kọ ọ́ ní re dò re re mí! Mo pa kíbọ́ọ̀dù tì, mo fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà, mo ń sọ ọ́ kiri ilé títí ohùn fi yọ jáde fúnra rẹ̀. Re mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn lè súni, torí náà mo fa "mi" gùn, mo sì jẹ́ kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé níbẹ̀.

Ti ijó ò le. Àwọn onílù bàtá mọ iṣẹ́ wọn jù mí lọ. Èyí tó ń lu ìyáàlù lẹ ìda mọ́ ojú awọ, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó gbá a, ó tún bù díẹ̀ kúrò. Ohun tí mo sọ fún wọn ò ju pé kí ìlù dá lójijì bí àwọ̀n bá ti balẹ̀.

Lọ́jọ́ eré, "Ọkọ mi ti dé" jáde, èrò pa lọ́lọ́. Àmọ́ apẹja ọjọ́sí ṣì ń pè mí ní agbèrò.