Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ kọngílá ilé jẹ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìwọ tó ń ya púláànù, tó o tún ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, ọ̀rọ̀ owó ló ń lé oníbàárà jù. Má fi owó ilé Lágbájá kọ́ ilé Tàmẹ̀dù. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ẹnì kan fi owó páànù ránṣẹ́ láti Èkó; lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ẹlòmíràn ń pariwo pé ẹ ò tíì da dẹ́kì òun. O wá mú owó páànù ra sìmẹ́ńtì, o ní bí onídẹ́kì bá ti san gbèsè, wàá dá a padà. Onídẹ́kì ò san. Páànù ti gbówó lórí. Òjò ń pa igi òrùlé, àbúrò onílé tó ń gba ibẹ̀ lọ sọ́jà sì ti ya fọ́tò ránṣẹ́. Ìlú wa ò tóbi. Kó o tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ. Ìwé owó oníkálukú, kó wà lọ́tọ̀. Fi rìsíìtì ránṣẹ́ kí wọ́n tó bèèrè.

Iṣẹ́ ẹbí náà, má gbà á láìsí ìwé. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Ṣé èmi pẹ̀lú ẹ náà la máa kọ̀wé?" Dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, kí n má baà gbàgbé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ni." Lẹ́yìn náà, kọ ọ́.

Má sì gbẹ́ ìpìlẹ̀ kí ìjọba tó fọwọ́ sí púláànù.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí kọngílá fi Ojúde Ọba dá ọjọ́ fún onílé. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, onílé sì fẹ́ gba ẹgbẹ́ rẹ̀ lálejò nínú ilé tuntun. Bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́lé, dẹ́kì ni wọ́n á fi du ọjọ́. Káfíńtà á fẹ́ yọ òpó igi tó gbé dẹ́kì ró lọ́jọ́ keje, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 28 la fi ń wọn agbára kọnkéré. Jẹ́ kí òpó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 21, ó kéré tán, kó o sì máa bomi rin dẹ́kì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7 àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń po kọnkéré, dúró ti àwọn lébìrà: wọ́n á fẹ́ bu omi sí i kó lè rọrùn láti gbé. Wo abẹ́ pákó. Bí omi aláwọ̀ eérú bá ń ṣàn jáde láàárín rẹ̀, sìmẹ́ńtì tí onílé fowó rà ló ń bá a lọ yẹn. Dá wọn dúró lójú ẹsẹ̀.

Bí onílé bá ta kú pé àfi kí ilé parí, sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kó gba àlejò sílé ẹbí lọ́dún yìí.