Kọ́ìnì tó yí àwọ̀ padà: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dá iye lé e

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Bí ẹ bá rí kóbò tó dúdú tàbí tó hu àwọ̀ ewé nínú àpótí àwọn àgbà, ẹ má tíì pè é ní àṣìṣe àwọn tó rọ owó, irú èyí tí àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ máa ń wá rà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀, ọ̀rinrin tàbí iná ló bà á jẹ́.

Owó kóbò kan (1 kóbò) ti 1973, idẹ ni, àwọ̀ ewé kò sì ṣàjèjì sí idẹ. Owó náírà kan (₦1) ti 1991, irin tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò ni; bí ìbòrí náà bá ṣí, yóò dógùn-ún. Ẹ di etí kọ́ìnì yòówù tí ẹ bá ní mú, ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Bí ojú rẹ̀ bá rí ṣákaṣàka, tí lẹ́tà ti jẹ, bíbàjẹ́ ni. Àṣìṣe gidi sábà máa ń ní ojú tó dán, lẹ́tà tó mú.

Òòfà kì í fa kóbò 1973 yẹn. Bó bá fà á, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú irú rẹ̀ mìíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí eérú fọ̀ ọ́! Ó ń bó ojú owó, àwọn tó ń rà á kì í sì í fẹ́ ẹ mọ́.