Garawa ẹ̀wà: bí èmi àti àwọn ọmọ tí mo gbà tọ́ ṣe lo ìgbà ìrúwé níta

Nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì, tí mo ń tọ́ fúngbà díẹ̀ títí ilé ẹjọ́ á fi ní kí wọ́n padà sílé, dé ọ̀dọ̀ mi, òtútù ṣì ń mú, inú ilé la sì máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọbìnrin ọdún 9, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 5. Àǹtí ni wọ́n ń pè mí. Mi ò ní kí wọ́n pè mí ní Mọ́mì, torí wọ́n ní ìyá tiwọn, wọ́n sì ń lọ rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fún oṣù méjì gbáko, "ẹ ṣé" àti "rárá" nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ràn tí àwọn igi ń rúwé, mo ní ìta la ó ti mọ ara wa.

Àṣejù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí ojú ọjọ́ dáa, mo kó wọn lọ sí pápá ìṣeré ńlá kan. Èrò pọ̀ bí eéṣú, ajá ń gbó, àwọn ọmọ ń pariwo. Mi ò sì sọ ibi tí à ń lọ fún wọn kí wọ́n tó wọ mọ́tò, mo fẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu. Ẹ má dán an wò. Ọmọ tí wọ́n ti gbé wọ mọ́tò rí láìsọ ibi tó ń lọ fún un, tó wá bá ara rẹ̀ nílé àjèjì, kò ní ka irú ìyàlẹ́nu bẹ́ẹ̀ sí eré. Àbúrò di bẹ́líìtì mú pinpin, ó ní òun ò sọ̀ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú 40 la fi jókòó sínú mọ́tò kí n tó yí i padà sílé.

Láti ọjọ́ náà, alẹ́ tó ṣáájú ni mo ti máa ń sọ fún wọn: ibi tí à ń lọ, ẹni tó máa wà níbẹ̀, ìgbà tí a máa dé. Mo sì dín nǹkan kù. Tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, a ó rìn yípo àdúgbò fún ìṣẹ́jú 20 péré, ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́. Igi kan wà ní ìkóríta tí a máa ń dúró wò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ka rẹ̀ gbẹ bí igi ìdáná. Nígbà tó yá, kókó pupa wẹ́wẹ́ yọ lára rẹ̀, kí ewé tó wá là nínú wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹnu ọmọ máa ń yá tí ojú kò bá ko ojú. Nídìí tábìlì, kò sí ọ̀rọ̀. Àmọ́ tí a bá jọ ń wo ẹ̀ka igi, ọ̀rọ̀ á máa jáde fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n gbójú sókè sí igi náà, ó ní:

"Èmi ni mo máa ń wẹ àbúrò mi nílé."

Mo ní, "Ìwọ lo máa ń wẹ̀ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

Mi ò bi í ní nǹkan míì. A jọ ń rìn lọ.

A tún fi káìtì ṣeré, bébà tí wọ́n so okùn mọ́ tí afẹ́fẹ́ máa ń gbé fò. A kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́, mo gbé káìtì sókè, àbúrò ń tú okùn. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi há sórí igi, àmọ́ ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀gbìn ló wá gbà wá lọ́kàn jù. Inú garawa tó ní ọwọ́ ni mo ní ká gbin ẹ̀wà sí, kì í ṣe ilẹ̀, torí mi ò mọ ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ máa ní kí wọ́n padà sílé. Ohun tí wọ́n bá gbìn sí ẹ̀yìnkùlé mi, wọn ò lè gbé e lọ. Mo lu ihò márùn-ún sí ìsàlẹ̀ garawa kí omi má baà mú kí ẹ̀wà rà. Ẹ̀gbọ́n bu erùpẹ̀ kún un, àbúrò sì fi ìka lu ihò tó jìn dé oríkèé ìka rẹ̀ kejì, ó ń sọ ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan sí i. Mo gbin radish, ewébẹ̀ kan tí wọ́n ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀, sínú ike kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí kì í pẹ́ hù, bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún báyìí, sùúrù ọmọ ọdún 5 kò sì gùn. Ojú fèrèsé nínú ilé la máa ń gbé garawa sí lálẹ́, torí ìrì dídì máa ń pa ẹ̀wà.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni mo bá àbúrò tó ń wú ẹ̀wà láti wò ó bóyá ó ti hù. Méjì ti bàjẹ́. Mi ò bá a wí. Mo fi pépà rírin tẹ ẹ̀wà kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ife dígí kó lè máa rí i bí gbòǹgbò ṣe ń yọ, bó ṣe ń wá ìsàlẹ̀ lọ. Kò wú ti garawa mọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni èyí àkọ́kọ́ yọ. Ẹ̀yìn ló fi ṣáájú, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń dẹ ẹja, ó wá fa orí rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ tòun ti èèpo lórí.

Àbúrò pariwo, "Àǹtí, ẹ wá wò ó, ó dé fìlà!"

Mo ya fọ́tò ọwọ́ wọn nínú erùpẹ̀. Inú ìwé ìrántí wọn ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, mi ò gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí wọ́n fi sọ́wọ́ ẹni, a kì í pín àwòrán rẹ̀ kiri.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa lọ rí ìyá wọn, ẹ̀gbọ́n wá bá mi.

"Àǹtí, ṣé a lè gbé garawa yẹn lọ fi han Mọ́mì wa?"

Mi ò ní purọ́, ó ṣe mí bákan. Mo ti ń rò ó pé àwa mẹ́ta la ni garawa yẹn. Mo pe òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ wọn, ó ní kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e sí àárín ara wọn nínú mọ́tò, ẹ̀gbọ́n sì fi bẹ́líìtì dè é.

Wọn ò gbé e padà. Nírọ̀lẹ́, ká tó jáde lọ wo igi wa, àbúrò gbé garawa míì wá, ó ní kí n lu ihò sí i.