Bẹ́ ẹ ṣe lè to àwọn ọmọ tuntun kí dráàfù NBA tó dé

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ fẹ́ràn básíkẹ́ẹ̀tì, dráàfù ni ìgbà táwọn tíìmù NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, máa ń yan àwọn ọmọ tuntun níkọ̀ọ̀kan; tẹ́ ẹ bá fẹ́ to àwọn ọmọ yìí bí tíìmù ṣe ń tò ó, ẹ má kọ́kọ́ wo iye póìntì o. Ní Chicago, níbi tí NBA ti ń dán wọn wò kí dráàfù tó dé, wọ́n máa ń wọn gíga wọn láìwọ bàtà, wọ́n á tún ní kó na apá méjèèjì kí wọ́n wọ̀n ọ́n, torí apá gígùn wúlò gan-an láti dí bọ́ọ̀lù. Ẹ wá wo odindi géèmù, kì í ṣe háíláìtì nìkan: tí bọ́ọ̀lù ò bá sí lọ́wọ́ ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń sáré padà lọ dìfẹ́ǹdì àbí ó ń rìn gbẹ̀fẹ́? Èmi máa ń wo frí-tíròó dáadáa, ìyẹn jíjù tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dí lẹ́yìn fáàlù, tọ́wọ́ ẹ̀ bá dúró níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó kọ́ bó ṣe máa jù ú láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ ọdún 19 tó ń ṣe bẹbẹ láàárín àwọn ẹni ọdún 22, ẹ gbé e sókè.

Ẹ wá pín wọn sí ìsọ̀rí, ẹni tó wà lókè pátápátá lẹ máa mú, ipò tó ń gbá kọ́ ló kàn. Ní 1984, Houston mú Hakeem Olajuwon wa, Portland sì mú Sam Bowie torí sẹ́ńtà, ẹni gíga tó ń gbá nítòsí àwọ̀n, ni wọ́n ń wá, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ti dà á láàmú ní yunifásítì, ni wọ́n bá fi Michael Jordan sílẹ̀ fún Chicago! Àwọn tó bá wà ní ìsọ̀rí kan náà nìkan lẹ lè torí ohun tí tíìmù nílò yàn láàárín wọn, báwọn tó ń gbá a ní Kútọ̀ náà lẹ fẹ́ tò, bẹ́ẹ̀ náà ni.