Àṣìṣe tó ń sọ aláìṣẹ̀ dèrò ẹ̀wọ̀n

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn lẹ́nu, àmọ́ tó bá fi lè wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ayé ẹni ẹlẹ́ni ló máa bà jẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti rán aláìṣẹ̀ lẹ́wọ̀n, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: wọ́n ti dá ẹnì kan lẹ́bi lọ́kàn wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí. Ẹ̀rí tó bá wá dé lẹ́yìn ìyẹn, ọrùn ẹni yẹn ni wọ́n ń so ó mọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ní kí ẹlẹ́rìí tọ́ka sí ọ̀daràn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọlọ́pàá tó mọ ẹni tí wọ́n ń fura sí ló máa to fọ́tò síwájú ẹlẹ́rìí. Kò dìgbà tó bá lanu. Ó lè mí kanlẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ẹlẹ́rìí dé orí fọ́tò kejì, kó rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó dé orí ìkarùn-ún, ọ̀rọ̀ ti yé ẹlẹ́rìí nìyẹn. Ẹlòmíì tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹjọ́ náà ni kó ṣe é, kó sì kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí wọ́n ń wá lè má sí nínú wọn rárá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ronald Cotton ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1984. Obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ wo ojú ẹni náà dáadáa kó má bàa gbàgbé. Wọ́n kó fọ́tò fún un, ó mú ti Cotton. Lẹ́yìn náà, wọ́n to àwọn ọkùnrin síwájú rẹ̀, Cotton nìkan sì ni ẹni tí fọ́tò rẹ̀ ti wà nínú ti àkọ́kọ́. Ta ni ẹ fẹ́ kó tún mú? Ìgbà tí wọ́n máa dé kọ́ọ̀tù, kò ṣiyè méjì mọ́. Lọ́dún 1987, wọ́n mú ẹni tó ṣe é gan-an wá síwájú rẹ̀, ó ní òun kò rí i rí láyé òun. Àyẹ̀wò DNA ló tú Cotton sílẹ̀ lọ́dún 1995, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ó lé lẹ́wọ̀n. Obìnrin yẹn kò purọ́ o. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n kọ bó ṣe dá ẹlẹ́rìí lójú tó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, lọ́rọ̀ ẹnu òun fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé "o káre." "O káre" yẹn ti ba ẹjọ́ jẹ́ ju irọ́ lọ.

"Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́." Àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ní New York lọ́dún 1989, àwọn ọmọdékùnrin tí ọjọ́ orí wọn kò ju mẹ́rìnlá sí mẹ́rìndínlógún lọ jẹ́wọ́ níwájú kámẹ́rà lórí ọ̀ràn obìnrin kan tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Àmọ́ gbogbo wákàtí tí wọ́n fi da ìbéèrè bò wọ́n ṣáájú, kámẹ́rà kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ta kora, DNA tí wọ́n rí lára obìnrin náà kò bá ti ìkankan nínú wọn mu, síbẹ̀ wọ́n dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó ní DNA náà jẹ́wọ́ lọ́dún 2002 pé òun nìkan ni. Ìbéèrè àkọ́kọ́ pàá ló yẹ kí fídíò ti bẹ̀rẹ̀, kí ọlọ́pàá má sì fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ afurasí ní ohun tó máa sọ.

Ọ̀rọ̀ onímọ̀ ńkọ́? Lọ́dún 1999, ilé-ẹjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá Sally Clark lẹ́bi pé ó pa ọmọ ìkókó rẹ̀ méjì. Dókítà kan ní, nínú irú ilé bíi tiwọn, ọmọ kan nínú 8,543 ló lè ṣàdéédéé kú sójú oorun. Ó wá sọ 8,543 di púpọ̀ lọ́nà 8,543, ó ní ti ọmọ méjì jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù 73. Bí ẹní ń ta owó ẹyọ! Ọmọ ìyá kan náà, ilé kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà: ohun tó pa àkọ́kọ́ lè wà lára èkejì. Òwe àjẹ́ yẹn náà ni, nọ́ńbà ni wọ́n kàn fi wọ̀ ọ́ láṣọ. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé àbájáde àyẹ̀wò tó fi hàn pé kòkòrò àrùn wà lára ọmọ kejì ti wà lọ́wọ́ dókítà tó yẹ òkú wò, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ kò sì rí i. Ọdún 2003 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹ̀rí tó lè gba olùjẹ́jọ́ là, ẹ má ṣe jókòó lé e lórí.

Ẹ má sì ti fáìlì pa torí pé adájọ́ ti sọ̀rọ̀. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n ti rán Andrew Malkinson lẹ́wọ̀n lọ́dún 2004 lórí ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀. Ọdún 17 ló lò níbẹ̀. Ká ní ó gbà pé òun ṣe ohun tí kò ṣe ni, wọn ì bá ti jẹ́ kó jáde ṣáájú. Ọdún 2007 ni wọ́n ti rí DNA ọkùnrin míì lára aṣọ obìnrin náà. Ọdún 2023 ni ilé-ẹjọ́ tó dá a láre.