Iṣẹ́ òru lórí ojú irin: ètò tí máníjà gbọ́dọ̀ ṣe

Àkúrẹ́ ò ní ojú irin. Èyí tó sún mọ́ wa jù gba Òṣogbo kọjá. Àmọ́ láti 2023 tí wọ́n ti tún ìwé òfin Nàìjíríà ṣe, àwọn ìpínlẹ̀ náà láyè láti ṣòfin lórí reluwé. Ẹnjiníà títì tó bá fẹ́ ṣe máníjà iṣẹ́ yìí ní nǹkan kan láti kọ́kọ́ gbàgbé. Bí ẹ bá dí títì Ọba Adésidà, ọkọ̀ á gba Arákálẹ̀. Reluwé ò ní ẹ̀bùrú. Ìwọ̀nba wákàtí tí wọ́n bá fi ti ojú irin fún yín lẹ ní, láti ìparí rẹ̀ lẹ sì ti máa ṣírò padà sẹ́yìn.

Ká ní wọ́n fún yín láti aago 11 alẹ́ dé aago 5 ìdájí láti pààrọ̀ mítà 25 ojú irin. Bí irin bá wọn kílò 60 ní mítà kan, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan á wọn kílò 1,500, méjì lẹ sì máa lò. Kọnkéré tí wọ́n ń dábùú sábẹ́ irin á tó 42 bí àlàfo rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè sún mọ́ kílò 300. Iṣẹ́ katapílà nìyẹn, kì í ṣe ti lébìrà. Ẹ mú katapílà méjì: èyí tó bá kọṣẹ́ láago 1 òru, kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe fún yín.

Aago 4:15 ni kí iṣẹ́ ti parí. Ibi mẹ́rin lẹ máa jó pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gbà tó wákàtí kan pẹ̀lú ìtutù rẹ̀, nítorí náà ikọ̀ wẹ́dà méjì ló yẹ, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ó pẹ́ tán aago 2. Aago 11:45 ni aago ìpinnu. Bí katapílà, wẹ́dà tàbí irin kan ò bá tíì dé sáìtì nígbà yẹn, ẹ má gé nǹkan kan, ẹ máa lọ sílé. Ọ̀gá yín á bínú, ṣùgbọ́n reluwé á kọjá láàárọ̀.

Òkúta tí wọ́n ń dà sábẹ́ ojú irin ò wọ́n wa, àpáta ló yí Àkúrẹ́ àti Ìdànrè ká. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé wọ́n á ra èyí tó ní eruku nínú. Eruku yẹn á di ẹrẹ̀ nígbà òjò, omi ò ní rí ibi jò sí, irin á sì rì. Èyí tó ní etí mímú, tó tó mílímítà 30 sí 60, ni kí ẹ bèèrè. Òkúta odò máa ń yí. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ẹ ṣírò nǹkan bíi mítà kúbíìkì 2 fún mítà kan, kí ẹ sì ti kó o síbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́.

Tapólì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún àwọn wẹ́dà. Bí omi bá kan thermit, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀, tàbí ìkòkò rẹ̀, irin tó ti yọ́ lè bú gbàù. Ooru náà ṣe kókó: kìlómítà irin kan ń gùn sí i ní nǹkan bíi mílímítà 11.5 fún ìwọ̀n Celsius kan tí ooru bá fi lé. Irin tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ nínú otútù ọyẹ́ láìfà á á wọ́ nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá kàn án. Ara irin gan-an ni kí ẹ ti wọn ooru, kì í ṣe lórí fóònù.

Lẹ́yìn 4:15, ẹ wọn àlàfo irin láti inú dé inú: mílímítà 1,435 lórí ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, 1,067 lórí ti àtijọ́ tó gba Òṣogbo. Ẹ ka èèyàn, ẹ ka irinṣẹ́. Sípánà kan tó kù sẹ́yìn lè mú kí reluwé yẹ̀ kúrò lójú irin. Òkúta tuntun ò tíì le, nítorí náà ẹ kọ eré tí reluwé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sá sórí pátákó àti sínú fọ́ọ̀mù. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó buwọ́ lù ú, ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin mítà 25 yẹn tán.